Ẹní Ọdún Ìyá Ìkòsí

Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá Ìkòsí, àlùfáà tó ṣe wàásù sọ pé ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé rẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Lábẹ́ àtíbàbà tí a jókòó sí yẹn, mo ka èèyàn mẹ́rin tí Ìyá ti bá jà, àlùfáà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí Ìyá ti lé e jáde nílé rí pé ó wọ bàtà gun orí ẹní òun. Bóyá ọkùnrin náà ti gbàgbé, bóyá ó ti dárí jì í. Gbogbo wa ṣe àmín, wọ́n sì gbé sàárà kalẹ̀.

N kò bá a wí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n Ìyá jẹ́ èèyàn gidi nígbà tó wà láàyè, tìjàtìjà, ó sì dùn mí pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin inú wàásù yẹn ni àwọn ọmọ wa máa mọ̀. Èyí tí èmi mọ̀, ahọ́n rẹ̀ mú, olórí kunkun ni, bí Iléyá bá sì ti ń bọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń hun ẹní kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún ni wá nígbà tó lọ.

Èmi ni àkọ́bí Múrí, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ṣe akọ̀wé l'Ékòó. Àbẹ̀kẹ́ ni ó ń pè mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi jù láti sọ ni ti ọdún tí màmá mi búra pé ẹsẹ̀ wa kò ní í tẹ ilé Ìyá mọ́, torí ẹní yẹn náà, àti ohun tí Ìyá ṣe kí ilé má baà tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Ìyá kò ní í mọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi í hàn yín.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, oko àti omi sì ni Ìkòsí. Bí o bá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà ní Kétu, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn wọlé, láàrin ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ẹ̀yìn ilé Ìyá ni àbàtà wà, tó lọ já sí odò Ògùn. Inú àbàtà yẹn ni koríko tó fi ń hun ẹní ti ń hù, kò sì sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Á ká aṣọ sókè dé orúnkún, á wọ inú omi lọ pẹ̀lú ọ̀bẹ, á máa gé e, á máa bá koríko sọ̀rọ̀. Tó bá sá a gbẹ tán, á fi osùn pa díẹ̀ láró pupa, á tọrọ ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ́dọ̀ aláró àdúgbò fún èyí tó máa dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹní ọdún ṣe ń dé, láìná owó kankan.

Òun kì í ra ẹ̀bùn rárá. Òótọ́ ni pé kò lówó, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìlówó nìkan ló fà á, torí bàbá mi máa ń fún un lówó, òun náà á sì fi ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni. Nígbà Kérésì, tí kì í ṣe ọdún tirẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ ọdún màmá mi, á di kànrìnkàn tó lù fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú nínú ewé, á sì se àdí àgbọn sínú ìgò oògùn ikọ́ tó ṣà jọ láti ọdún tó kọjá. Ìgò náà kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. A máa ń fi àdí yẹn para lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì máa rùn bí ọsibítù títí di ọdún tuntun. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó jẹ́ kí òun ra pọ́mọ́ọ̀dù aláago, ìpara òyìnbó, fún un kó fi ṣe ẹ̀bùn. Ó ní, "Múrí, ohun tí a bá rà, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló wà lára ẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fún wọn."

Bí Iléyá bá ku nǹkan bí oṣù kan, bàbá mi á kó wa lọ sí Ìkòsí lọ wọn ara wa. Gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ náà á dé. Ìyá á wẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí a dùbúlẹ̀ gbalaja nílẹ̀ iwájú ilé, kí gìgísẹ̀ wa kan ògiri. Á wá na okùn ìkó láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, á ta kókó sí i, á sì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún un fún ìdàgbà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀, tí Ìyá ń fi kọ́ sára ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, kókó kan á tún kún kókó.

Bàbá mi bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi wọ̀n wá lóòró bí télọ̀ ṣe ń ṣe, kí ara ọmọ má baà tún máa dọ̀tí lẹ́yìn ìwẹ̀. Ìyá wò ó bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá yọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "O kàwé títí, Múrí. Ta lo wá rí tó ń sùn lóòró?"

Mo ti sọ pé ahọ́n rẹ̀ mú. Èmi gan-an ti tọ́ ọ wò. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, a sì ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ọmọ onílé wa ti gba bèbí òyìnbó fún Kérésì, èyí tó ń ṣẹ́jú. N kò lè sùn nítorí bèbí yẹn. Nígbà tí Iléyá dé, tí Ìyá na ẹní tuntun sí mi, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ẹní kì í ṣe ẹ̀bùn. Àǹtí mi nawọ́ láti gbá mi létí, Ìyá ní kó fi mí sílẹ̀. Ó pè mí súnmọ́ra, ó ní kí n ṣàlàyé bèbí náà. Mo ṣàlàyé irun, mo ṣàlàyé bàtà.

"Ṣé ó sì ń ṣẹ́jú lóòótọ́?"

"Ó ń ṣẹ́jú, Ìyá."

"Ó dáa. Tó bá dalẹ́, tí gbogbo wọn bá tẹ́ ẹní wọn, kí ìwọ lọ sùn lórí bèbí."

Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo sunkún, mo bínú, mo sì ti tẹ́ ẹní mi kí ọbẹ̀ tó jinná.

Ìjà rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti òun àti ìyá kan tó ń ta ẹní lójà Kétu. Obìnrin náà rí iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó wá sílé pé òun á kó gbogbo èyí tó bá hun tán lọ́dún náà. Ó sọ̀rọ̀ ire, ó mú obì wá. Nígbà tí obìnrin náà wá fọwọ́ kan ẹní tó wà lára òpó, tó ní èyí kúrú díẹ̀ ṣùgbọ́n òun á rí ẹni tà á fún, ọ̀rọ̀ bẹ́. Ẹní mi ni. Ìyá pariwo débi pé àwọn tó wà lóko gbọ́: "Àbẹ̀kẹ́ ni mo wọn èyí sí! Ṣé o fẹ́ kí ẹni tí mi ò mọ̀ lọ máa sùn lórí ọmọ mi ni?"

Wọn kò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lẹ́yìn náà, ọmọ obìnrin yẹn bímọ, kò sì pẹ́ tí a rí Ìyá tó ń di okùn mọ́ ìbàdí, tó ń lọ sí ilé wọn. Bàbá mi bi í bóyá ìjà ti parí. Ó ní, "Èmi àti ìyá àgbà rẹ̀ la jọ ń jà. Kí ni ti ọmọ níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n Ìyá ní àbùkù kan tí n kò ní í bò mọ́lẹ̀: kò mọ bí a ti ń bẹ èèyàn. Bó bá ṣẹ ọ́, tí òun náà sì mọ̀ pé òun ṣẹ ọ́, àgbàdo sísun ni wàá rí. Á gbé e síwájú rẹ láìsọ nǹkan kan, á jókòó tì ọ́ títí wàá fi jẹ ẹ́ tán, ìjà ti parí nìyẹn lójú tirẹ̀. Wọ́n ní bàbá wa àgbà, ọkọ rẹ̀, jẹ àgbàdo púpọ̀ kó tó kú. Ọ̀rọ̀ náà "ẹ má bínú", n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, àwọn tó bí mi náà sì sọ pé àwọn kò gbọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ òun àti màmá mi fi nira.

Èkó ni wọ́n ti bí màmá mi, onígbàgbọ́ ni wọ́n, káfíńtà sì ni bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ń kàn, ó ń kan tábìlì, ó sì ń kan pósí. Nígbà tí màmá mi wà ní kékeré, òun ló máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sílé olóòkú, òun ló ń gbé okùn. Bàbá rẹ̀ á kúnlẹ̀ ti òkú, á na okùn láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, á ta kókó sí i, wọn á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ní Ìkòsí, àwọn ẹbí bàbá mi kì í lo pósí. Ìmàle ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sin òkú tiwọn. Lójú Ìyá, okùn lásán ni okùn. Lójú màmá mi, ẹni tó bá dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi okùn wọ̀n ti kú nìyẹn.

Ẹ ó béèrè pé báwo ló ṣe wá jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò mọ̀. Aṣọ ló ń tà l'Ékòó, ọjọ́ Iléyá gan-an ló sì máa ń dé Ìkòsí. Láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú, bàbá mi nìkan ló ń mú mi lọ fún wíwọ̀n. Màmá mi rò pé ojú ni Ìyá fi ń wọ̀n wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó fi pa mọ́ fún un.

Lẹ́yìn mi, màmá mi bí ọmọ méjì, wọn kò dúró. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n kú sí, bàbá rẹ̀ ló sì kan pósí kékeré méjèèjì. Lẹ́yìn wọn ni ó wá bí àbúrò mi ọkùnrin, tí wọ́n sọ ní Dúrójayé. Ẹ mọ ohun tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Màmá mi kì í gbé Dúró sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́fà ló wà nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ọmú ló ń mu, nítorí náà màmá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e tẹ̀ lé wa lọ fún wíwọ̀n.

Ó ń sá aṣọ ọmọ lẹ́yìn ilé nígbà tí Ìyá gbé Dúró sílẹ̀ níwájú ilé. Èmi ni mo di orí okùn mú níbi gìgísẹ̀, inú mi sì ń dùn pé wọ́n fi iṣẹ́ rán mi. Màmá mi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́. Bàsíà bọ́. N kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó já ọmọ gbà kúrò nílẹ̀, ó dì í mọ́ àyà.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

"Ìyàwó, kí ló dé? Ẹní ọdún ẹ̀ ni mò ń wọ̀n."

"Okùn òkú lẹ nà lé e lórí, ẹ tún ń bi mí pé kí ló dé!"

Kò sẹ́ni tó fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan Ìyá rí, ojú gbogbo ẹbí ló sì wà. Inú bí i. Ó ní, "Ọmọ mọ́kànlá ni mo ti fi okùn yìí wọ̀n nínú ilé yìí. Kò sí ọ̀kan tó kú nínú wọn!"

Ìyá rò pé òun ń gba ara òun sílẹ̀ ni. Kò rántí pé àwọn méjì tó kú, òun kò wọ̀n wọ́n rí. Lójú màmá mi, ohun tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ níwájú gbogbo ayé ni pé ọwọ́ Ìyá ni àwọn ọmọ ti ń yè, ọwọ́ màmá mi ni wọ́n ti ń kú. Ó kó wa, a rìn dé Kétu nínú oòrùn, a wọ ọkọ̀ padà. Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni ibà mú Dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi gbóná. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Màmá mi ní níwọ̀n ìgbà tí okùn yẹn bá wà nílé yẹn, ọmọ òun kankan kò ní í débẹ̀ mọ́.

Iléyá dé, bàbá mi nìkan ló lọ. Wọ́n fi ẹní mi rán an, ṣùgbọ́n kò sí ti Dúró níbẹ̀. Ìyá kò parí wíwọ̀n rẹ̀, kì í sì í fojú dá ẹní. Màmá mi tú ẹrù náà palẹ̀, ó wá ti Dúró títí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn pé kò sí i. Mo rí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Nígbà Kérésì, dírẹ́bà kan gbé ìgò àdí mẹ́ta wá láti Ìkòsí. Kò dá a padà, nítorí ẹni tó bá dá ẹ̀bùn padà ti já okùn ẹbí, ṣùgbọ́n ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tó fi para. Bàbá mi rù. Kò lè bá ìyá rẹ̀ wí, kò lè bá ìyàwó rẹ̀ wí, ó wá ń bá èmi wí láìṣẹ̀.

Nígbà tí Iléyá tó tẹ̀ lé e ku oṣù kan, tí àwọn ọmọ yòókù ti ń lọ fún wíwọ̀n, bàbá mi lọ sí Ìkòsí lọ sọ ọ̀rọ̀ pósí fún Ìyá. Ó yẹ kó ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n màmá mi ló ti kọ̀ fún un. Ó sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé ohun tí Ìyá bi òun ni: "Bàbá ìyàwó ló kàn án fún àwọn méjèèjì? Òun náà ló sì wọ̀n wọ́n?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá, àsìkò ìrun kò sì tíì tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn wa ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé Ìyá kórìíra Èkó. Ó ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ara òun ń sọ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò tíì wá sí yàrá wa rí. Màmá mi kúnlẹ̀ kí i, ẹnu yà á, ó sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lórí orúnkún síbi tí Dúró wà. Ó bu omi fún un. Ìyá kò gba omi. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ okùn ìkó jáde, ó jù ú sí iwájú màmá mi. Lẹ́yìn náà ni ó dùbúlẹ̀.

Ìyá ọkọ màmá mi, Ìyá Ìkòsí, dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì lásán níwájú ìyàwó ilé, ó na ẹsẹ̀ kan ògiri, ó sì fa aṣọ bo kókósẹ̀ rẹ̀.

Màmá mi bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má fi ayé mi ṣòfò. Kí ni wọ́n máa sọ pé mo ṣe?"

"Mi ò dìde. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí jù, ọwọ́ bàbá ẹ lo ti kọ́ ọ. Wọ̀n mí."

"Mi ò lè wọ̀n yín, Ìyá."

"Èmi ni àgbà. Bí okùn bá ń pààyàn, ó yẹ kó tọ́ ọ wò lára mi ná. Bí mo bá dé Iléyá láàyè, wàá gbé ọmọ wá. Bí mo bá sì kú, o ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Èwo ni kò dáa níbẹ̀? Àbẹ̀kẹ́, wá di orí okùn mú."

Mo wo màmá mi. Mo kúnlẹ̀, mo di okùn mú níbi gìgísẹ̀ Ìyá tó ti sán. Ó pẹ́ kí màmá mi tó fọwọ́ kan ìdí kejì. Ṣùgbọ́n ó mú un, ó na okùn náà díẹ̀díẹ̀ gba orúnkún, gba àyà, omi ojú rẹ̀ ń kán sára aṣọ Ìyá, ó sì dé àtàrí. Ó ta kókó. Ìyá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gba okùn, ó wá mu omi tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo bi í pé ṣé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ màmá mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ wo? Ọ̀nà jìn, ó rẹ̀ mí, mo sùn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó ronú rẹ̀, n kò sì rò pé Ìyá náà ronú rẹ̀. Màmá mi kò rí oorun sùn mọ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àgbà, ó sì gbàgbọ́ nínú okùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí dírẹ́bà kankan bá ti ọ̀nà Ìkòròdú dé, á sáré bá a: "Ẹ ti Kétu wá? Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Ìyá Ìkòsí?" Ó fi epo rán ẹnìkan, ó fi ẹja rán ẹlòmíràn, torí kí wọ́n lè padà wá sọ fún un pé àwọn rí Ìyá. Ìgò àdí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi pa wá lára. Ó jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí èmi náà di ìyàwó ilé pé àsìkò yẹn ni òun mọ̀ pé òun fẹ́ràn obìnrin náà, ó sì bí òun nínú gidigidi.

Kò lè dúró de Iléyá. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó pọn Dúró, ó fà mí lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀. Láti Kétu dé Ìkòsí, ó kàn ń sáré rìn. A kò bá Ìyá nílé. Màmá mi pè é, ilé dákẹ́. Mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe funfun. Ó yí sẹ́yìn ilé, ó sì rí i: Ìyá wà nínú àbàtà, omi dé orúnkún rẹ̀, ó di ọ̀bẹ mú, ó ń bú koríko kan tó kọ̀ tí kò gé.

Ó wẹ̀yìn rí wa. "Ṣé òkú lẹ wá wò ni?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun gan-an lẹ́nu. Ó tú ọ̀já, ó rìn padà síwájú ilé, kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣe é tí ó fi tẹ́ Dúró sílẹ̀ níbi ògiri. Ṣùgbọ́n Dúró ti ń rìn nígbà náà, kò gbà. Bí a bá tẹ́ ẹ, á dìde. Bí a bá dì í mú, á han. Màmá mi wá dùbúlẹ̀ tì í kó lè sinmi. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó ń gbá a ní ẹ̀yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ọmọ náà sì rọra dákẹ́, ó na ẹsẹ̀.

Ìyá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ àbàtà lẹ́sẹ̀. Ó wọn Dúró, ó ta kókó. Lẹ́yìn náà, ó mú okùn mìíràn ní ìbàdí rẹ̀, ó sì nà án lé màmá mi lórí. Kì í hun ẹní fún àgbàlagbà, kò sí ìyàwó ilé kan tó gba ẹní ọdún lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Màmá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ojú rẹ̀ pinpin. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ kan há erùpẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò mira, títí okùn fi dé àtàrí rẹ̀, tí Ìyá ta kókó.

Ìyá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó ní, "Dìde, ìyàwó. O ga. Koríko tí mo gé kò ní í tó."